Láptọ́ọ̀pù yín ti kún? Bí ẹ ṣe lè fi àṣẹ terminal kó node_modules àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò

Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tókùnbọ̀ tí àwa tó ń kọ kóòdù ń rà ní Computer Village, 256GB ni SSD inú wọn. Windows ti gba tirẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó gbé e délé. Tí ẹ bá wá ń fi kọ kóòdù lójoojúmọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò sọ pé ààyè ti tán, àárín iṣẹ́ tó jẹ́ kánjúkánjú ló sì sábà máa ń sọ ọ́. Àwọn míì á forí lé Ìkẹjà pé àwọn fẹ́ ra SSD tó tóbi jù ú lọ. Kí ẹ tó náwó, ẹ wo inú fódà tí ẹ ń kó iṣẹ́ yín sí. Kóòdù tí ẹ̀yin fúnra yín kọ lè má ju mẹ́gábáìtì díẹ̀ lọ, kó wá jẹ́ pé node_modules ló jókòó sórí gbogbo ìyókù.

Inú fódà yìí ni npm, irinṣẹ́ tó ń bá Node.js wá, ń kó kóòdù àwọn ẹlòmíràn sí: àwọn package tí iṣẹ́ yín gbára lé, àwọn tí package yẹn náà gbára lé, àtàwọn tó tún wà lábẹ́ ìyẹn. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ní iṣẹ́ React mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni React wà lórí díìsìkì rẹ̀. Ryan Dahl tó dá Node.js sílẹ̀ ní 2009 fúnra rẹ̀ dìde níbi ìpàdé JSConf EU ní Berlin lọ́dún 2018, ó ka àwọn ohun tó kábàámọ̀ nípa Node, node_modules sì wà lára wọn. Bó bá ń bí yín nínú, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́.

Pípa á rẹ́ kò le rárá. Ohun tó yẹ ká máa rò ni iye tí yóò náni láti dá a padà, torí ní Èkó níbí, dátà lowó, iná náà lowó. Fódà kan lè wúwo gan-an, kó jẹ́ pé kíá lẹ ó dá a padà lórí Wi-Fi ọ́fíìsì. Òmíràn lè kéré, kó jẹ́ pé tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn.

Ẹ wo ibi tí ààyè gbà lọ

Ẹ ṣí terminal. Ẹni tó ń lo Linux tàbí Mac ti ní gbogbo ohun tó nílò. Ẹni tó ń lo Windows lè ṣí Git Bash, tó máa ń bá Git wá; àwọn àṣẹ ìsàlẹ̀ yìí wà níbẹ̀, wọ́n kàn máa ń lọ́ra níbẹ̀ díẹ̀ ni. Ká gbà pé inú fódà kan tó ń jẹ́ projects ni iṣẹ́ yín wà:

```
cd ~/projects
df -h .
du -sh * | sort -h
```

`df` yóò sọ iye ààyè tó kù lórí díìsìkì. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn síbì kan, a máa padà sí i. `du` yóò to àwọn iṣẹ́ yín láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù. Ẹ wá jẹ́ ká mú node_modules nìkan:

```
find . -type d -name node_modules -prune -exec du -sh {} + | sort -h
```

Ẹ má kàn dà á kọ láìmọ ohun tó ń ṣe. `find .` ní kó wá a láti ibi tí ẹ dúró sí lọ sísàlẹ̀. `-type d` ní fódà nìkan lòun ń wá. `-prune` ló ṣe pàtàkì jù: tó bá ti rí node_modules kan, kó má wọnú rẹ̀ mọ́. Nínú node_modules, àwọn node_modules kéékèèké míì tún wà. Láìsí `-prune`, ilẹ̀ á ṣú kí ẹ tó ka ohun tó máa tú jáde tán. Irú ohun tí ẹ ó rí nìyí:

```
 88M   ./landing-page/node_modules
311M   ./school-portal/node_modules
402M   ./keke-tracker/node_modules
1.1G   ./shop-app-old/node_modules
1.1G   ./shop-app/node_modules
```

Ẹ wo ìlà méjì tó gbẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tí kò ní fódà kan tó ń jẹ́ `-old`, tàbí `-final`, tàbí `-final2` tí ẹ̀rù fi ń bà á láti pa rẹ́. Ẹ fi kóòdù inú rẹ̀ sílẹ̀ tọ́kàn yín ò bá tíì balẹ̀, àmọ́ node_modules inú rẹ̀ kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe níbẹ̀.

Kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́

Ohun tó ń fi wá lọ́kàn balẹ̀ ni fáìlì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ node_modules: package.json àti package-lock.json. Ti àkọ́kọ́ ń sọ orúkọ package tí ẹ fẹ́. Èkejì, tí npm 5 mú wọlé ní 2017, ń sọ ẹ̀yà tó wà níbẹ̀ gan-an, láìku ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ Yarn lẹ ń lò, yarn.lock ni, ti pnpm ni pnpm-lock.yaml. Ẹ wọnú iṣẹ́ náà:

```
git status
git ls-files | grep -i lock
```

Àṣẹ kejì gbọ́dọ̀ mú orúkọ fáìlì lock jáde. Tó bá dákẹ́, a jẹ́ pé lock yín kò sí nínú git, bóyá ẹnìkan ti kọ ọ́ sínú .gitignore. Láìsí lock, ẹ̀yà tuntun tó bá package.json mu ni npm máa lọ kó wá, iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn sì lè má dìde mọ́. Ẹ fi lock sínú git ná.

Ẹ tún kọ ẹ̀yà Node tí iṣẹ́ náà ń lò sílẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ iṣẹ́ àtijọ́:

```
node -v > .nvmrc
```

Ẹni tó bá ti bá node-sass, package tó ń yí Sass padà sí CSS, ṣe pọ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní Node tó bá a mu. Tí Node inú kọ̀ǹpútà yín bá ti tuntun jù, `npm ci`, àṣẹ tó ń dá node_modules padà, á máa pariwo àṣìṣe lé yín lórí.

Èyí tó kàn ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún oníbàárà òkè òkun fara balẹ̀ kà, torí pé àwọn wọ̀nyí pọ̀ ní Yábàá. Gbogbo package kọ́ ló ń wá láti ọ̀dọ̀ npm. Ẹ tẹ èyí:

```
grep '"resolved"' package-lock.json | grep -v registry.npmjs.org
```

Tí kò bá sí ìlà kankan, ẹ lọ ní ìrọ̀rùn. Tí ìlà kan bá jáde, tí kì í ṣe fódà inú iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀, ẹ wò ó dáadáa. Ó lè jẹ́ registry (ibi ìkópamọ́ package) ilé iṣẹ́ oníbàárà, ó sì lè jẹ́ repo GitHub tí wọ́n tì pa. Nígbà tí àdéhùn bá parí, wọ́n á gba àṣẹ ìwọlé lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá wá pa node_modules rẹ́, tí wọ́n sì tún pè yín lọ́dún tó ń bọ̀ pé kí ẹ wá tún nǹkan kékeré kan ṣe, ẹ ò ní lè gbé iṣẹ́ náà dìde títí wọ́n á fi fún yín láṣẹ tuntun. Irú èyí, ẹ dì í kí ẹ tó pa á rẹ́, kí ẹ sì gbé ìdì náà sórí díìsìkì míì:

```
tar -czf shop-app-modules.tar.gz node_modules
```

Package gbogbogbòò pàápàá ti pòórá rí. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ẹni tó ni left-pad yọ ọ́ kúrò lórí npm. Ìlà kóòdù mọ́kànlá péré ni, síbẹ̀ àìmọye iṣẹ́ káàkiri ayé ló kọ̀ tí wọn ò lè parí fífi package sílẹ̀. Látìgbà náà ni npm ti mú òfin yíyọ package kúrò le. Ti ìkọ̀kọ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ tún kóòdù kan ṣe nínú node_modules (mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀), àtúnṣe yẹn á bá a lọ. `npx patch-package orúkọ-package` á kó àtúnṣe náà sínú fódà kan tó ń jẹ́ patches, ẹ ó sì fi ìyẹn sínú git.

Ọmọ Yabatech kan tó wá ṣe IT lọ́dọ̀ wa ní Sábó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé .env mi ò ní bá a lọ?"

Mo ní, "Rárá o, ìta ló wà. Àṣẹ wo lo fẹ́ lò ná?"

"Git clean ni, sà. Wọ́n ní ó máa ń ká gbogbo ẹ̀ nílẹ̀."

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó máa ń ká gbogbo ẹ̀ nílẹ̀. `git clean -fdX` á pa gbogbo ohun tí .gitignore bá dárúkọ rẹ́, .env sì máa ń wà níbẹ̀, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ìsanwó àti ọ̀rọ̀ aṣínà database tí ẹ ò kọ síbòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó dandan, kó kọ́kọ́ fi `n` rọ́pò `f`: `git clean -ndX`. Á kàn ka ohun tó fẹ́ pa, kò ní pa á.

Pípa á rẹ́ gan-an

Fún iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹ wọnú rẹ̀, ẹ tẹ `pwd` kí ẹ fojú yín rí ibi tí ẹ wà, lẹ́yìn náà:

```
rm -rf node_modules
```

`rm` kì í gbé nǹkan sínú Trash o. Kò sí ibi tí ẹ ti máa lọ ṣà á padà.

Fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ ká mú àwọn tó ti pẹ́ nìkan:

```
find . -type d -name node_modules -prune -mtime +60 -print
```

`-mtime +60` ń wá fódà tí kò sí ìyípadà nínú rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọjọ́. Àmọ́ ọjọ́ tí ẹ fi package kan sí i tàbí yọ ọ̀kan kúrò kẹ́yìn ló ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Iṣẹ́ tí ẹ fọwọ́ kàn láàárọ̀ yìí lè wà nínú àkójọ náà. Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ wọnú rẹ̀ kí ẹ tẹ `git log -1 --format=%cr`; yóò sọ ìgbà tí ẹ ṣe commit kẹ́yìn fún yín.

Ẹ ka àkójọ náà tán pátá. Tó bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ má tún àṣẹ náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ ọfà òkè lórí kíìbọ́ọ̀dù kó padà wá, kí ẹ wá yí `-print` nìkan padà:

```
find . -type d -name node_modules -prune -mtime +60 -exec rm -rf {} +
```

Báyìí, ohun tí ẹ kà náà lẹ máa pa, kò sí àṣìkọ tó máa yọjú láàárín. Ẹ má sì lo `-delete` ti find níbí, òun àti `-prune` kì í gbé pọ̀.

Nínú PowerShell lórí Windows, ẹ kọ́kọ́ pa VS Code àti dev server, torí Windows kì í jẹ́ kéèyàn pa fáìlì tí ètò míì ṣì dì mú. Lẹ́yìn náà:

```
(Get-ChildItem . -Directory -Recurse -Filter node_modules) |
  Where-Object { $_.Parent.FullName -notlike '*node_modules*' } |
  Remove-Item -Recurse -Force -WhatIf
```

`-WhatIf` ní kó kàn sọ ohun tó máa ṣe. Tó bá dára lójú yín, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ tún un ṣe.

Ẹni tí gbogbo èyí bá sú, kó tẹ `npx npkill`. Á to àwọn fódà náà sójú yín pẹ̀lú ìwọ̀n wọn. Ẹ fi ọfà rìn lórí wọn, ẹ tẹ space lórí èyí tí ẹ fẹ́ pa. Ó dáa. Ẹ kàn rántí pé kì í béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Ibi yòówù tí ẹ bá gbé e gbà, inú fódà iṣẹ́ yín ni kí ẹ wà, kì í ṣe orí `~` tàbí `/`. npm fúnra rẹ̀, inú node_modules kan ló ń gbé, bóyá nínú `/usr/lib` tàbí nínú `~/.nvm`. Àwọn àfikún VS Code nínú `~/.vscode/extensions` náà ní tiwọn. Ẹ bá gbá gbogbo rẹ̀ tán, ẹ wá tẹ `npm`, kó sọ pé òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Cache: ẹ fi í sílẹ̀

Níbí lèmi àti ọ̀pọ̀ tó ń kọ irú ìtọ́sọ́nà yìí ti ń yapa. Wọ́n á ní kí ẹ tẹ `npm cache clean --force` kí ààyè lè pọ̀ sí i. Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í já, tí kì í sì í ra dátà ní jígábáìtì, lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú `~/.npm`, tó jẹ́ cache rẹ̀, ni npm ń tọ́jú gbogbo package tó bá ti gbà wá rí sí, ní dídì. Ìwọ̀n rẹ̀ kéré sí ti àwọn node_modules tó ti inú rẹ̀ jáde, torí pé ẹyọ kan ló ń tọ́jú bó ti wù kí iṣẹ́ tó ń lò ó pọ̀ tó. Tí ẹ bá pa node_modules, tí ẹ fi cache sílẹ̀, ẹ lè dá iṣẹ́ padà láìná dátà púpọ̀:

```
npm ci --prefer-offline
```

`npm ci` ń tẹ̀lé fáìlì lock láìyà sọ́tùn-ún tàbí sósì. `npm install` lè yí i padà. `--prefer-offline` ní kó kọ́kọ́ wo cache kó tó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó kúrò níbi Wi-Fi, ẹ dán iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù wò pẹ̀lú `npm ci --offline`. Tó bá parí, ọkàn yín balẹ̀, ẹ lè dá a padà lórí afárá Third Mainland pàápàá.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ rò pé àsọdùn ni. Ní 14 oṣù kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì ṣe ségesège níbí àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní cache ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Tí cache fúnra rẹ̀ bá ti sanra jù, `npm cache verify` á yọ èyí tí kò wúlò mọ́, á sì fi ìyókù sílẹ̀.

Ibi tí mo ti máa sọ pé kí ẹ gbá a mọ́ dáadáa ni àwọn brówúsà tí irinṣẹ́ ìdánwò ń gbà wá. Wọn kì í gbé inú node_modules, nítorí náà `find` wa kò rí wọn. Lórí Linux, ẹ wo `~/.cache/ms-playwright`, `~/.cache/Cypress` àti `~/.cache/puppeteer`. Ẹ̀yà tuntun á wọlé, ti àtijọ́ lè má jáde. `npx cypress cache prune` á fi èyí tí ẹ ń lò lọ́wọ́ sílẹ̀, á kó ìyókù dànù.

Ẹni tó ń lo pnpm ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ibi kan ṣoṣo ló ń tọ́jú fáìlì sí, á wá so wọ́n mọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí `du` fi lè sọ pé 500M wà nínú node_modules kan, tí ẹ bá pa á tán, kí ààyè má fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. `pnpm store prune` ni ẹ ó tẹ̀ lé e.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀

Ti Python, orúkọ fódà rẹ̀ lè jẹ́ venv, .venv, env, tàbí orúkọ olólùfẹ́ yín. Ẹ má ṣe fi orúkọ wá wọn. Fáìlì kan tó ń jẹ́ pyvenv.cfg wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn:

```
find . -name pyvenv.cfg
```

Ẹ tan venv náà, ẹ tẹ `pip freeze > requirements.txt`, kí ẹ tó pa á. Tí PyTorch bá wà nínú rẹ̀, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, jígábáìtì ni yóò gbà láti dá a padà.

Rust yàtọ̀. `cargo clean` á pa fódà target rẹ́, èyí tó lè wúwo ju node_modules lọ. Dátà kọ́ ni yóò náni, torí pé kóòdù package ṣì wà nínú `~/.cargo`. Iná ni: kọ̀ǹpútà máa tún gbogbo rẹ̀ kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, fáànù inú rẹ̀ á máa pariwo. Ẹ má ṣe é nígbà tí wọ́n bá ti mú iná lọ, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì ń tán lọ. Fódà .next àti dist, tí iṣẹ́ JavaScript tí a ti kọ́ parí máa ń wà, náà, irú ẹ̀ ni, àmọ́ tiwọn yá.

Vendor ti PHP, `composer install` á dá a padà tí composer.lock bá wà. Ti Go ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ fi vendor sínú git. `git check-ignore vendor` á tẹ orúkọ rẹ̀ jáde tó bá jẹ́ ohun tí git kò ka sí. Tó bá dákẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Tí nọ́ńbà df kò bá yí padà

Ẹ tún tẹ `df -h .`, kí ẹ fi wé nọ́ńbà tí ẹ kọ sílẹ̀. Tí kò bá yí padà lórí Linux, ó lè jẹ́ ètò kan ló ṣì di fáìlì tí ẹ pa mú. `lsof +L1` á dárúkọ rẹ̀, ẹ pa dev server náà. Lórí Mac, ẹ tẹ `tmutil listlocalsnapshots /`. Time Machine, ètò tó ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì lórí Mac, lè ṣì máa pa ẹ̀dà wọn mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

WSL, Linux tó ń ṣiṣẹ́ nínú Windows, ló máa ń ya àwọn tó ń lo Windows lẹ́nu jù. Ẹ pa jígábáìtì ogún nínú Ubuntu, `df` inú Ubuntu gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ drive C kò kúrò níbi tó wà. Inú fáìlì ńlá kan tó ń jẹ́ ext4.vhdx ni Ubuntu yẹn ń gbé. Ó máa ń tóbi sí i fúnra rẹ̀, kì í sì í sún kì fúnra rẹ̀. Ẹ wá ibi tó wà lábẹ́ AppData yín, kí ẹ ṣí PowerShell gẹ́gẹ́ bí Administrator:

```
wsl --shutdown
diskpart
select vdisk file="ibi-tí-ó-wà\ext4.vhdx"
attach vdisk readonly
compact vdisk
detach vdisk
exit
```

Ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Ẹ so láptọ́ọ̀pù mọ́ iná tàbí inverter kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí bátìrì má baà kú mọ́ ọn lọ́wọ́.